Owó tó dájú ni kí ẹ máa kọ fún wa, ẹ fi owó ẹnu sílẹ̀

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àforítì. Ọmọ mi ọkùnrin ló máa ń bá mi ṣí ìwé ìròyìn yín lórí fóònù láàárọ̀ Sátidé tí mo bá ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ dé, èmi á sì kà á tán kí n tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ẹni tó kọ ojú ìwé eré ìdárayá sọ níbẹ̀ pé ńṣe ni ẹgbẹ́ Chicago Bears da 48 mílíọ̀nù dọ́là sómi lórí ọmọ wa, Dayo Odeyingbo. Ó ní sack kan ṣoṣo ni Dayo rí ṣe kó tó fara pa, nítorí náà iye tí sack kan ṣoṣo náà ná ẹgbẹ́ ni 48 mílíọ̀nù. Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo gbé ife tíì mi kalẹ̀.

N kì í ṣe oníròyìn, mo sì mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ kò kórìíra Dayo. Ọmọ Ìkirè ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí, Chicago ni mo sì ti ń gbé láti 2009. Mo ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn iṣẹ́ tó jẹ mí níyà rí. Àwọn tí iṣan gìgísẹ̀ wọn já sì wà lára àwọn tí mo ń tọ́jú jẹun. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́. Àwọn orúkọ ọmọ wa tí mo máa dá nínú lẹ́tà yìí, bí àwọn fúnra wọn ṣe ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún ni mo ṣe kọ ọ́, láìfi àmì sí i.

Kí ẹni tí kì í wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà lè bá mi kálọ: ènìyàn 11 ló ń kojú 11. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnì kan tó ń darí rẹ̀, quarterback ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ Dayo àti àwọn irú rẹ̀ ni láti já lu ọkùnrin yẹn kó tó rí àyè ju bọ́ọ̀lù sí ẹlòmíì. Bí wọ́n bá gbé e lulẹ̀ tòun ti bọ́ọ̀lù, sack nìyẹn. (Sack tiwọn kì í ṣe kí wọ́n lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, bí a ṣe mọ̀ ọ́n nílé.) Bí àdéhùn agbábọ́ọ̀lù bá sì ti parí tí kò sí ẹgbẹ́ tó so ó mọ́lẹ̀ mọ́, òun ni wọ́n ń pè ní free agent. Ó lè gbé ẹrù rẹ̀ lọ síbi tó bá wù ú. Láti 1993 ni òmìnira yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú NFL, ìyẹn líìgì tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá bọ́ọ̀lù yìí ń gbá.

Ní oṣù kẹta 2025 ni Dayo fi ẹgbẹ́ Indianapolis sílẹ̀ wá bá wa ní Chicago. Ọdún mẹ́ta, 48 mílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n nínú 48 yẹn, 32 ni wọ́n kéde lọ́jọ́ náà pé ó dájú. Mílíọ̀nù 16 tó kù, ìrètí ni. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́, wọ́n lè já a sílẹ̀ kó tó débẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bi wọ́n. Owó ẹnu ni oníròyìn yín fi ṣírò.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ni mo ṣe tètè rí i. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ Kòrónà, nígbà tí àwọn ilé ìwòsàn ń wá nọ́ọ̀sì kiri bí ẹni ń wá omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ́jéǹsì kan gbé àdéhùn ọ̀sẹ̀ 13 fún mi ní ìlú kan ní Wisconsin. Owó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n kọ sókè ìwé náà pọ̀ débi pé òru ọjọ́ yẹn ni mo pe ìyá mi ní Ìkirè. Mo háyà yàrá, mo san owó rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n pè mí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo ti wọ aṣọ iṣẹ́ tán, mo ti di oúnjẹ mi sínú àpò. Wọ́n ní aláìsàn kò pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí n jókòó sílé. Ẹni tó bá jókòó sílé, owó kò sí fún un. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí àdéhùn náà tó dé ìdajì. Obìnrin ará Philippines kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, owó tirẹ̀ lórí ìwé kò tó tèmi, ṣùgbọ́n kò pàdánù kọ́bọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ pé wákàtí 36 lọ́sẹ̀ dájú, aláìsàn ìbáà pọ̀, ìbáà má pọ̀. Ó ṣí i hàn mí nínú yàrá tí a ti ń sinmi. Ìlà kan péré ni, lójú ewé kẹrin. Nígbà tí mo délé, mo ka tèmi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà yẹn kò sí níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti pariwo owó agbábọ́ọ̀lù kan lórí tẹlifíṣọ̀n, ìlà yẹn ni mo máa ń wá kí n tó bá wọn yọ̀ tàbí bá wọn bínú. Mo fi Folorunso Fatukasi ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ mi. Ní 2022, Jacksonville fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́ta, 30 mílíọ̀nù, 20 dájú nínú rẹ̀. Ọdún méjì ló lò tí wọ́n fi já a sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń fọ́nnu ní ibi àríyá pé ọmọ Yorùbá gba 30 mílíọ̀nù, n kò gbọ́ kí ẹnì kankan nínú wọn padà wá sọ pé 30 náà kò pé.

Ṣùgbọ́n iye owó tó dájú nìkan kọ́ ni yóò sọ fún wa bóyá àdéhùn dára. Ohun tí ènìyàn rà ńkọ́? Bàbá arúgbó kan ló là mí lójú sí ìyẹn.

Ní 2010, kí n tó gba ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì níhìn-ín, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń wẹ̀ fún wọn, mo máa ń tẹ́ ibùsùn, mo sì máa ń bá wọn jókòó. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin ní gúúsù ìlú yìí. Ọjọ́ Àìkú tí Bears bá ń gbá bọ́ọ̀lù, kì í jẹ́ kí a fún òun lóúnjẹ àfi bí wọ́n bá dá eré dúró. Ọdún yẹn gan-an ni Bears mú Julius Peppers wá láti Carolina, free agent lòun náà. Ọdún mẹ́fà, owó tó lè tó 91.5 mílíọ̀nù, 42 dájú nínú rẹ̀. Ẹnu yà mí. Mo bi bàbá náà pé kí ló dé tí wọ́n ń kó irú owó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.

Ó ní kí n lọ kó àwọn ife oníke kéékèèké tí a fi ń pín oògùn wá. Ó to 11 sí apá kan lórí tábìlì ibùsùn rẹ̀, ó to 11 sí apá kejì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, nítorí náà ó pẹ́ kó tó tò wọ́n tán, kò sì gbà kí n ran òun lọ́wọ́. Ó wá fi ìka kan ife kan, ó ní Peppers nìyí. Ó sún ife méjì láti òdìkejì wá síwájú rẹ̀, ó ní kí n wò ó dáadáa, pé ẹni méjì ni wọ́n fi ń dá ọ̀kan dúró. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Peppers. Kò sí ẹnikẹ́ni mọ́ níwájú ìyẹn. Ó tì í lọ tààrà, ó fi lu ife tó pè ní quarterback, ìyẹn yí gbirigbiri, ó já bọ́ sórí ìtẹ́lẹ̀ẹsẹ̀. Ó ní orúkọ ẹlòmíì ni wọn óò kọ sack yẹn sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n Peppers ló ṣe é.

Ọdún mẹ́rin ni Peppers lò ní Chicago. Sack 37.5 ló ṣe (wọ́n máa ń dá ọ̀kan sí méjì bí ènìyàn méjì bá jọ mú quarterback náà). Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, Bears dé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá NFC (ìdajì kan nínú àwọn ẹgbẹ́ NFL) ní Soldier Field, pápá wa níhìn-ín, Green Bay ló lù wọ́n ní 21 sí 14 ní oṣù kìíní 2011. Ní 2014 wọ́n jẹ́ kó lọ, ọdún mẹ́fà kò pé, 91.5 náà kò sì pé. Síbẹ̀, n kò tíì pàdé ará Chicago kan tó sọ pé owó Peppers ṣòfò.

Ó tún yẹ ká mọ bí owó ṣe wúwo sí nínú àpò ẹni tó ń ná an. NFL kì í jẹ́ kí ẹgbẹ́ ná bó ṣe wù ú. Gbèdéke wà lórí iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè san fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́dún. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1994, 34.6 mílíọ̀nù ni. Ní 2025, ó ti di 279.2 mílíọ̀nù. Bí ẹ bá pín 48 Dayo sí ọdún mẹ́ta, 16 lọ́dún, kò tó dọ́là mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là tí Bears lè ná. Ẹ fi wé Nnamdi Asomugha, ọmọ Ìgbò tí gbogbo wa gbé lárugẹ ní 2011 nígbà tó fi Oakland sílẹ̀ lọ sí Philadelphia: 60 mílíọ̀nù fún ọdún márùn-ún, 25 dájú. Méjìlá lọ́dún nìyẹn, nígbà tí gbèdéke jẹ́ nǹkan bí 120. Ìdámẹ́wàá gbogbo owó ẹgbẹ́, fún ẹnì kan. Ẹni tó bá rí 12 àti 16 láìwo ọdún yóò sọ pé Dayo ló wọ́n jù.

Ti Asomugha yẹn dùn mí títí di òní, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò bàjẹ́ lójijì bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ. Ní Oakland, wọ́n máa ń fi ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ òdìkejì sọ́ ọ lọ́wọ́ pé kó máa tẹ̀ lé e níbi gbogbo, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn quarterback kì í fẹ́ ju bọ́ọ̀lù síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ní 2006 nìkan, ó gba bọ́ọ̀lù mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Nígbà tó dé Philadelphia, wọ́n ní kó máa sọ́ ojú ilẹ̀, kó máa dúró de ẹni tó bá wọ àgbègbè rẹ̀, kó máa ti ibí sún sí ọ̀hún. Ẹ gba alágbẹ̀dẹ síṣẹ́, ẹ wá gbé òfì síwájú rẹ̀. Ọdún kìíní, wọ́n borí 8, wọ́n pàdánù 8. Ọdún kejì, wọ́n borí 4, wọ́n pàdánù 12. Ní 2013 wọ́n já a sílẹ̀.

Reggie White ńkọ́? Òun ni ẹni ńlá àkọ́kọ́ tó lo òmìnira 1993 yẹn. Ó fi Philadelphia yìí kan náà sílẹ̀ lọ sí Green Bay: ọdún mẹ́rin, 17 mílíọ̀nù. Bí ẹ bá fi gbèdéke ọdún tó tẹ̀ lé e wọ̀n ọ́n, owó rẹ̀ lọ́dún wúwo ju ti Asomugha lọ. Sáà mẹ́fà ló lò níbẹ̀, sack 68.5, ó sì ṣe mẹ́ta nínú Super Bowl, àṣekágbá gbogbo NFL, tí wọ́n gbà ní oṣù kìíní 1997. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò jẹ mọ́ owó. Iṣẹ́ tí White ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni Green Bay ní kó wá ṣe, ó sì wà lórí pápá láti ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí Dayo. Èmi náà kò gbà pé àdéhùn rẹ̀ kò ní àbùkù. Sack 8 ló ṣe ní 2023, ní 2024 ó di 3. Ẹni tó bá ń ra ẹran lọ́jà yóò bi ẹni tó ń tà á pé kí ló dé tó fi ń tà á. Indianapolis ti mú Laiatu Latu ní ìpele àkọ́kọ́ ìyàn 2024 (níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́dọọdún) fún iṣẹ́ kan náà, nítorí náà kì í ṣe pé Dayo burú ni wọ́n ṣe jẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n wọn kò sáré tẹ̀ lé e náà. Bí owó náà bá jẹ́ tèmi, n kò ní kọjá 13 mílíọ̀nù lọ́dún, n ó sì kọ́kọ́ béèrè pé ẹ̀gbẹ́ ni yóò ti máa já wọlé ni tàbí àárín. Àǹfààní kan tó ní nìyẹn: ó ga, ó sanra, ó lè dúró ní ẹ̀gbẹ́, ó sì lè wọ àárín lọ bá àwọn géńdé. Ẹgbẹ́ tó ti pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12 nínú 17 ní 2024, tí Montez Sweat sì ń dá jìjàkadì ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó nílò irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo máa ń rántí ife bàbá yẹn.

Àwọn kan tún ń sọ pé Chicago kò yẹ ara Dayo wò dáadáa. Ẹ̀yin tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé Larry Ogunjobi. Ní oṣù kẹta 2022, Bears yìí kan náà, Ryan Poles yìí kan náà ló ń bá wọn ra agbábọ́ọ̀lù, wọ́n ti gbà láti fún Ogunjobi ní 40.5 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́ta, 26.35 dájú nínú rẹ̀. Ó ti ṣe sack 7 fún Cincinnati ní sáà tó kọjá, àfi bó ṣe fi ẹsẹ̀ pa ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Raiders ní oṣù kìíní, tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Super Bowl láìsí i. Nígbà tí àwọn dókítà Bears yẹ ẹsẹ̀ náà wò, wọ́n ní kò kọjá, àdéhùn túká. Inú bí wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àgbà kan ní ìwà ìkà ni, pé ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ ni àwọn ti ṣe ìdúpẹ́ lórí rẹ̀. Èmi náà bínú, ṣùgbọ́n n kò lè bá wọn bú dókítà tó sọ ohun tó rí. Ní oṣù kẹfà, Pittsburgh gbà á fún ọdún kan, 8 mílíọ̀nù. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún un ní ọdún mẹ́ta, 28.75 mílíọ̀nù, wọ́n sì já a sílẹ̀ ní 2025 kí ọdún kẹta tó pé. Ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí ọkùnrin, àmọ́ kò tún ṣe sack 7 nínú sáà kan níbẹ̀. N kò rò pé Chicago ṣe àṣìṣe. Ó dùn mí láti kọ ọ́, nítorí orúkọ tó ń jẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Àwọn tí wọ́n kọ ẹsẹ̀ Ogunjobi ní 2022 ni wọ́n gba ti Dayo ní 2025. Wọ́n sì mọ ohun tó wà nídìí ẹsẹ̀ Dayo. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kìíní 2021, nígbà tó ń múra sílẹ̀ láti kúrò ní yunifásítì Vanderbilt wọ NFL, iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já. Ọmọ ọdún 21 ni. Indianapolis sì mú un síbẹ̀síbẹ̀, ẹni 54 nínú ìyàn ọdún yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣan yẹn jẹ́. Òun ló so ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun mọ́ egungun gìgísẹ̀. Ẹni tó bá já fún kì í kọ́kọ́ mọ̀ pé ara òun ló ṣe é. Ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan ta á nípàá látẹ̀yìn. Olùkọ́ kan tí mo tọ́jú sọ fún mi pé òun ti yíjú padà láti bá ẹni náà jà kí òun tó rí i pé kò sí ẹnì kankan. Wọn óò rán an, wọn óò kó bàtà líle wọ̀ ọ́, oṣù yóò máa gorí oṣù. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ wa. A óò ní kó kọjú sí ògiri, kó fi ìka méjì di ògiri mú, kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kó wá gbé gìgísẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá yóò ṣe é nígbà 20, ẹnu rẹ̀ kò ní dákẹ́ ọ̀rọ̀. Ó kan ti ẹsẹ̀ kejì. Olùkọ́ yẹn dákẹ́. Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láti orúnkún, òógùn yọ lókè ètè rẹ̀, gìgísẹ̀ gbéra kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, ó tún balẹ̀. Oṣù karùn-ún nìyẹn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó sunkún, èmi náà sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ohun tí Dayo là kọjá ní 2021 nìyẹn, tó sì tún jáde sórí pápá kí ọdún náà tó parí. Sack 5 ní 2022, 8 ní 2023. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn tó padà, kí Chicago tó dé. Dókítà tó bá wo irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹta 2025, kí ni kí ó sọ? Pé kó má gbà á nítorí ohun tó ti jinná láti ọdún mẹ́rin?

Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá 2025, Bears ń bá Cincinnati gbá bọ́ọ̀lù. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí gbogbo ilé dìde dúró fún ni, 47 sí 42, a borí. Níbẹ̀ ni iṣan gìgísẹ̀ Dayo tún já. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹjọ rẹ̀ fún wa nìyẹn. Ọmọ mi ń fò, ó ń pariwo ayọ̀. Èmi kò lè jókòó, n kò sì lè fò.

Bí ẹ bá bi mí bóyá sáà àkọ́kọ́ pé owó rẹ̀, kò pé. N kò ní purọ́ fún un nítorí pé ọmọ wa ni. Kódà kó tó fara pa, mo ti ń retí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá kò lè dá ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹta lẹ́jọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bú Chicago, kó bú wọn nítorí sack 3 inú 2024 tí wọ́n rí pẹ̀lú ojú wọn tí wọ́n sì fi owó ńlá lé e lórí. Ìyẹn ni wọ́n lè dáhùn fún. Iṣan tó já ní Cincinnati, Ọlọ́run nìkan ló mọ ọjọ́ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń yọ yín lẹ́nu bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti ń sún mọ́ ilé. Osi Umenyiora, tó gba Super Bowl lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú New York Giants, ti ń ṣa àwọn géńdé ọmọ Nàìjíríà jọ láti kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù yìí. Àwọn òbí wọn ló ń ka ìwé ìròyìn yín. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á gbé ìwé àdéhùn síwájú bàbá kan, nọ́ńbà ńlá kan á wà lókè ìwé náà bíi tèmi ní Wisconsin. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà òkè yẹn nìkan lẹ ti ń kọ́ ọ láti máa wò, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ bí kò bá dé ojú ewé kẹrin. Ẹ jọ̀wọ́, níbi tí ẹ bá ti kọ 48, ẹ kọ 32 tẹ̀ lé e. Ẹ kọ ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí i, ẹ sì kọ gbèdéke ọdún náà. Kò ní gbà ju ìlà méjì lọ.

Mo ti ṣèlérí fún ọmọ mi pé ọjọ́ tí Dayo bá padà sórí pápá, n ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, a óò jọ jókòó wò ó. Òun ní òun á máa ka sack. Mo ní kó máa kà á. Èmi, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ quarterback ni mo ń dúró dè, láti rí i bóyá ẹsẹ̀ tó fi ta ilẹ̀ gbéra ni yóò jẹ́ ẹsẹ̀ tó já.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Kẹ́hìndé, nọ́ọ̀sì,
Chicago, Illinois